Think tank Amẹ́ríkà tó wá ṣí ọ́fíìsì sí London: kí ni Heartland ń wá ní Yúróòpù, ta ló sì ń gbọ́ bùkátà ẹ̀?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Heartland Institute ṣí ẹ̀ka tuntun sí London, wọ́n sọ ọ́ ní Heartland UK/Europe. Nigel Farage, ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèlú Reform UK, ló wá bá wọn ṣe ayẹyẹ ẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí ibẹ̀ ni Lois Perry, òun náà ló ṣe olórí ẹgbẹ́ òṣèlú UKIP fún bí oṣù kan péré lọ́dún yẹn kó tó fi sílẹ̀ nítorí àìlera. Ìwé ìròyìn díẹ̀ gbé e, ariwo ẹ̀ sì lọ sílẹ̀ kíá, Kérésì ti dé, ta ló ráyè. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ o. UK ti jáde kúrò nínú EU, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, láti oṣù Kìíní ọdún 2020, kí wá ni ọ́fíìsì tó wà ní London fẹ́ fi Yúróòpù ṣe?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ "think tank" lórí tẹlifíṣọ̀n tẹ́ ò bìkítà fún un, mi ò bá yín wí, bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí náà nìyẹn. Ilé iṣẹ́ ni, wọ́n á gba àwọn tó mọ̀wé síṣẹ́, àwọn yẹn á máa kọ pépà lórí owó orí, lórí iná, lórí sìgá, lórí ilé ìwòsàn, wọ́n á gbé pépà yẹn lọ fún aṣòfin, wọ́n á pe aṣòfin wá jẹun, wọ́n á tún lọ sọ̀rọ̀ lórí rédíò níbi tí ẹni tó ń darí ètò á ti máa pè wọ́n ní onímọ̀. Wọn kì í du ipò. Kò sẹ́ni tó dìbò yàn wọ́n, kò sì sẹ́ni tó lè fi ìbò yọ wọ́n. Àwọn tó jẹ́ ti ọjà òmìnira láàárín wọn, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ò ju pé kí ìjọba dín owó orí kù, kó dín òfin kù, kó kúrò lọ́nà kí oníṣòwò ríbi mí. Èrò ni, ẹni tó bá fẹ́ gbà á kó gbà á, èmi náà gbà pé òfin míì wà tó jẹ́ pé oníṣòwò kékeré nìkan ló ń fìyà jẹ. Ibi tó ń dùn mí ni pé ẹni tó ń ka pépà yẹn kì í sábà mọ ẹni tó sanwó ẹ̀, aṣòfin tó sì gbé e dìde nílé ìgbìmọ̀ lè má mọ̀, tàbí kó mọ̀ kó dákẹ́.

Kí n tó padà sórí Heartland, ẹ jẹ́ n sọ ti bàbá ọlọ́sìn adìyẹ kan, torí láìsí bàbá yẹn London ò ní rí bó ṣe rí lónìí. Antony Fisher lorúkọ ẹ̀, ó ti wa ọkọ̀ òfúrufú nínú ogun àgbáyé kejì. Lọ́dún 1945 ó ka ìgékúrú ìwé kan tí Friedrich Hayek, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kọ, Hayek yẹn ní tí ìjọba bá ń darí ọrọ̀ ajé, òmìnira àwọn ará ìlú náà ò ní pẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Fisher lára débi pé ó gbéra, ó lọ bá Hayek ní ilé ẹ̀kọ́ LSE tó ti ń kọ́ni, ó ní òun fẹ́ wọ òṣèlú. Hayek ní kó má wulẹ̀ ṣèyọnu, pé èrò tó bá ti wà nílẹ̀ láwọn olóṣèlú ń tẹ̀ lé, kó lọ ṣiṣẹ́ lórí èrò. Fisher gbọ́, àmọ́ kò sówó. Lọ́dún 1952 ó dé Amẹ́ríkà, ó rí bí wọ́n ṣe ń sin adìyẹ lọ́pọ̀ yanturu nínú ilé gbọọrọ, ó gbé ọgbọ́n yẹn wálé, ó dá Buxted Chickens sílẹ̀, ó sì di olówó. Ara owó adìyẹ yẹn ló fi dá Institute of Economic Affairs, IEA, sílẹ̀ ní 1955.

Ogún ọdún ni IEA fi ń kọ pépà táwọn èèyàn ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, torí nígbà yẹn Labour o, Conservative o, àwọn méjèèjì ló gbà pé ìjọba ló yẹ kó ní ọkọ̀ ojú irin, èédú, iná, tẹlifóònù. Ìgbà tí nǹkan wá dojú rú láàárín 1970s, tí owó ọjà ń fò sókè, tí ìyanṣẹ́lódì ò dáwọ́ dúró, àwọn olóṣèlú ń wá ohun míì tí wọ́n lè ṣe, pépà sì ti wà nílẹ̀. Margaret Thatcher àti Keith Joseph dá tiwọn náà sílẹ̀ ní 1974, Centre for Policy Studies, nígbà tó sì di 1979 Thatcher ti di olórí ìjọba. Fisher ò jókòó o. Ó bá wọn dá irú ẹ̀ sílẹ̀ ní Canada, ó tún ṣe ti New York, nígbà tó wá di 1981 ó dá Atlas sílẹ̀, èyí tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa ran àwọn think tank míì lọ́wọ́ láti dúró. Lónìí Atlas Network ní alábàáṣiṣẹ́ bí 500 ní orílẹ̀-èdè tó tó 100, Èkó náà ò gbẹ́yìn, Initiative for Public Policy Analysis tó wà níbẹ̀ ti bá wọn ṣe pọ̀. Nítorí náà kì í ṣe pé Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ọjà tuntun wọ London. London ló kọ́kọ́ gbé e jáde, ó rìn káyé, ó ti lówó lọ́wọ́ kó tó padà wálé.

Heartland fúnra ẹ̀, 1984 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Chicago. Ẹni tí ò bá mọ̀ wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, rárá o, sìgá ló kọ́kọ́ gbé wọn síta. Láàárín 1990s, Philip Morris, àwọn tó ń ṣe Marlboro, ń fún wọn lówó, ọ̀gá kan níbẹ̀ tiẹ̀ jókòó sínú bọ́ọ̀dù wọn, Heartland náà sì ń kọ̀wé pé ewu tó wà nínú èéfín sìgá tí ẹlòmíì ń mu, wọ́n ń sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọgbọ́n tó wà nídìí iṣẹ́ yẹn, kí ẹni tó fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ ní Brussels, níbi tí EU ti ń ṣòfin, lónìí kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. O ò nílò kó o sọ pé sìgá ò pààyàn. Ṣáà ti máa sọ pé àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò, pé kí wọ́n tún ṣèwádìí sí i, pé kí òfin dúró ná. Gbogbo ọdún tí òfin bá fi dúró, owó ń wọlé fẹ́ni tí òfin yẹn ì bá mú.

Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n gbé lọ sídìí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. ExxonMobil fún wọn lówó tó lé ní $600,000 láàárín 1998 sí 2006 kó tó dáwọ́ dúró. Láti 2008 wọ́n ti ń pe àpérò ńlá níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn tí ò gbà pé ìyípadà ojú ọjọ́ jẹ́ wàhálà jọ, lọ́dún 2017 wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà pé àwọn onímọ̀ ò fohùn ṣọ̀kan. Àwọn onímọ̀ ti fohùn ṣọ̀kan o. IPCC, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí àjọ UN gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, sọ ọ́ lọ́dún 2021 pé kò sí iyèméjì kankan, ọwọ́ ọmọ aráyé ló mú ayé gbóná. Àṣìṣe tí Heartland ṣe jù ni ti oṣù Karùn-ún 2012, tí wọ́n gbé bíllíbọ́ọ̀dù sí ẹ̀bá títì ní Chicago, wọ́n ya àwòrán Ted Kaczynski, apààyàn tó máa ń fi bọ́ǹbù ránṣẹ́ sáwọn èèyàn, pé òun náà gbà pé ayé ń gbóná, ṣé ẹ̀yin náà gbà? Kò pé ọjọ́ kan tí wọ́n fi já a lulẹ̀, àmọ́ omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fún wọn lówó bẹ̀rẹ̀ sí í sá, Diageo tó ni Guinness wà lára wọn.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìyẹn, nínú oṣù Kejì 2012, onímọ̀ nípa omi kan, Peter Gleick, ti díbọ́n pé ọmọ bọ́ọ̀dù lòun, ó gba àwọn ìwé abẹ́lé wọn, ó tú u síta. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí ọ̀nà tó gbà, Heartland tiẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn ìwé yẹn, ayédèrú ni, Gleick náà sì tọrọ àforíjì. Àmọ́ nínú àwọn ìwé tó kù, a rí i pé ẹnì kan wà tí wọn ò dárúkọ, "Anonymous Donor" ṣáá ni wọ́n ń pè é, tó sì jẹ́ pé apá tó pọ̀ nínú owó tí wọ́n ń ná lọ́dún, ọwọ́ ẹ̀ ló ti ń wá. Ẹnì kan ṣoṣo o. Lẹ́yìn tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sá, irú owó báyìí ló kù, ti àwọn ìdílé olówó bíi Mercer, àti èyí tó ń gba ọwọ́ DonorsTrust wá. DonorsTrust yìí, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: o lówó, o fẹ́ fún think tank kan, o ò fẹ́ kórúkọ ẹ jáde, o á kó owó fún DonorsTrust, wàá sọ ibi tó o fẹ́ kó lọ, àwọn á fi orúkọ tiwọn san án. Ó dà bí ìgbà téèyàn bá wà nílé lọ́jọ́ òde, tó fi owó rán alága ìjókòó kó bá òun ná olórin, olórin á rówó, kò sì ní rí orúkọ tó máa fi kọrin. Òfin Amẹ́ríkà fàyè gbà á, kò sẹ́ni tó jalè.

Ní ti Yúróòpù, kì í ṣe 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá EIKE ṣe, ẹgbẹ́ kan ní Jena ní Jámánì tó ń sọ ohun kan náà nípa ojú ọjọ́, tí àwọn kan nínú ẹ̀ sì sún mọ́ AfD, ẹgbẹ́ òṣèlú apá ọ̀tún paraku (far right) níbẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá 2019, ìgbà tí àpérò ojú ọjọ́ COP25 ń lọ ní Madrid, àwọn akọ̀ròyìn Correctiv àti tẹlifíṣọ̀n ZDF díbọ́n pé àwọn ń ṣojú oníṣòwò tó fẹ́ fowó ran Heartland lọ́wọ́. James Taylor jókòó tì wọ́n, kò tíì di ààrẹ Heartland nígbà yẹn, ó ń ṣàlàyé fún wọn bí owó ṣe lè gba DonorsTrust kọjá láìsí orúkọ, àti bí wọ́n ṣe fẹ́ lo ọmọbìnrin Jámánì kan, Naomi Seibt, ọmọ ọdún 19, lórí YouTube. Ìròyìn yẹn jáde ní oṣù Kejì 2020, láàárín oṣù yẹn gbogbo ayé ti ń pe ọmọ yẹn ní alátakò Greta Thunberg. Àdéhùn ọmọ náà pẹ̀lú Heartland ò pẹ́, àmọ́ ojú ẹ̀ ò kúrò nílẹ̀, nígbà tí Elon Musk kọ ọ́ lórí X ní oṣù Kejìlá 2024 pé AfD nìkan ló lè gba Jámánì là, fídíò ọmọbìnrin yìí kan náà ló ń fèsì sí. Ẹ wo bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, tí èèyàn kan náà ń bọ́ sílẹ̀ níbòmíì.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ ilé aṣòfin Yúróòpù fúnra ẹ̀ tún rọrùn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Lóṣù Kìíní 2025, Guardian àti DeSmog gbé ìròyìn kan jáde pé àwọn aṣòfin láti FPÖ, ẹgbẹ́ apá ọ̀tún paraku ti Austria, lọ sí àpérò Heartland ní Orlando lọ́dún 2023, àti pé lẹ́yìn ẹ̀ ni àwọn Heartland náà wá rí ọ̀nà wọ ilé aṣòfin ní Brussels láti bá àwọn apá ọ̀tún sọ̀rọ̀. Aṣòfin kan pè ọ́, o wọlé, wọ́n fún ẹ ní yàrá, o sọ̀rọ̀, o ya fọ́tò. Fọ́tò yẹn máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fún ẹ lówó ní Amẹ́ríkà, fún aṣòfin yẹn ní tiẹ̀, ó ti ní onímọ̀ láti Amẹ́ríkà tó gbà pẹ̀lú ẹ̀. Òfin tó wà lójú nígbà yẹn ni èyí tí wọ́n fẹ́ fi dá igbó, odò àti irà padà sípò, pé kí ó tó 2030 kí EU ti tún ó kéré tán ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ àti òkun rẹ̀ ṣe. Ilé aṣòfin gbà á ní oṣù Kejì 2024, ìbò 329 sí 275. Lẹ́yìn náà Hungary yí ohùn padà, ìbò láàárín àwọn ìjọba ò pé mọ́, òfin dúró gbọin fún oṣù mélòó kan, àfìgbà tí Leonore Gewessler, mínísítà fún àyíká ní Austria, dìbò fún un ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà tí olórí ìjọba tiẹ̀ fúnra ẹ̀ sì bínú débi tó ní àwọn máa gbé e lọ kóòtù. Ìbò kan ló kù tí òfin yẹn ì bá fi kú.

Ṣé Heartland ló mú Hungary yí padà? Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ti ń fi tirakitọ̀ dí títì káàkiri Yúróòpù nígbà yẹn, ìbò ilé aṣòfin Yúróòpù ti oṣù Kẹfà 2024 ti ń bọ̀, Orbán, olórí ìjọba Hungary nígbà yẹn, náà sì ní ìdí tiẹ̀. Ibi tí àwọn tó ń kọ̀wé lórí think tank ti máa ń ṣì í nìyẹn, wọ́n á ṣe é bí ẹni pé ọ̀gá kan jókòó síbì kan tó ń fa okùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ ló ń bínú, ìbínú tòótọ́ ni, owó ajílẹ̀ ti wọ́n, owó dísù ti wọ́n. Iṣẹ́ think tank ni kó wà nítòsí nígbà tí inú bá ń bí èèyàn, kó ní pépà lọ́wọ́, kó sọ fún wọn pé òfin igbó yẹn ló fa gbogbo ẹ̀.

London wá ń kọ́? Èdè ni àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Tẹlifíṣọ̀n GB News ti wà láti 2021, wọ́n á gbà ẹ́ lálejò. Farage fúnra ẹ̀ lo ogún ọdún gbáko nílé aṣòfin Yúróòpù kó tó kó UK jáde, ó mọ gbogbo apá ọ̀tún tó wà níbẹ̀ lórúkọ, ó sì ti wá di aṣòfin ní Westminster, ilé aṣòfin UK, báyìí. Àdúgbò Westminster yẹn náà kún, IEA wà ní Lord North Street, ó súnmọ́ Tufton Street, níbi tí àwọn míì tó ń ronú bíi tiwọn kóra jọ sí, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé ìkejì kí tíì tó tutù.

Ẹ má gbàgbé pé àdúgbò yẹn kan náà ló gbé Liz Truss jáde, ẹni tó ṣe olórí ìjọba UK fúngbà díẹ̀ lọ́dún 2022. Truss àti àwọn IEA ti ń rìn pọ̀ tipẹ́, òun àti Mark Littlewood tó jẹ́ ọ̀gá IEA nígbà yẹn jọ wà ní Oxford. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 2022, mínísítà owó ẹ̀, Kwasi Kwarteng, kéde pé àwọn máa gé owó orí tó tó £45 bílíọ̀nù láìsọ ibi tí wọ́n á ti rówó dí i. Inú àwọn think tank yẹn dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ pọ́n-ún ti já wálẹ̀ sí bíi $1.03, ní ọjọ́ 28 Bank of England ní láti wọlé kí owó ìfẹ̀yìntì àwọn èèyàn má bàa dàrú, èlé mọ́géèjì, ìyẹn owó tí wọ́n ń yá ra ilé, fò ju 6% lọ, àwọn èèyàn wa ní Peckham àti Dagenham tó fẹ́ tún mọ́géèjì wọn ṣe lóṣù yẹn mọ ohun tó dé bá wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá Truss ti ní òun ń lọ. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ẹ̀ ni pé kì í ṣe Labour ló lé e, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ọjà ni, ọjà gan-an tí wọ́n ti ń sọ láti 1955 pé òun ló gbọ́n ju ìjọba lọ. Ọjà gbọ́n lóòótọ́. Àmọ́ kò sí think tank kankan tó ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, Truss ló lọ, àwọn ṣì wà níbẹ̀, pépà tuntun ti jáde.

Heartland nìkan kọ́ ló ń wo Yúróòpù. IEA àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ láti Sweden, Poland, Italy, Lithuania àti ibòmíì ti jọ dá EPICENTER sílẹ̀ ní Brussels láti 2014, àwọn ló ń gbé àtẹ kan jáde tó ń sọ orílẹ̀-èdè tó ń yọ ará ìlú lẹ́nu jù lórí ọtí, sìgá àti oúnjẹ, ó sì yẹ kẹ́ni tó ń ka àtẹ yẹn mọ̀ pé British American Tobacco ti fún IEA lówó rí. Heritage Foundation náà ti dé, àwọn tó kọ Project 2025, ìwé ètò ìjọba, fún Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹta 2025 wọ́n pe mítìn abẹ́lé ní Washington níbi tí MCC, ilé ẹ̀kọ́ tó tún ń ṣe think tank ní Hungary, àti Ordo Iuris, ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ní Poland, ti gbé ètò kalẹ̀ bí wọ́n ṣe lè tú Kọmíṣọ́ọ̀nù Yúróòpù tó ń ṣàkóso EU ká, kí wọ́n tún orúkọ EU sọ. MCC yìí ló dùn mọ́ mi jù. Ìjọba Orbán ló gbé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ṣíà ilé iṣẹ́ epo MOL àti ìdá 10 ti ilé iṣẹ́ òògùn Richter fún un lọ́dún 2020, owó tó ju bílíọ̀nù dọ́là kan lọ, òun ló wá ṣí ẹ̀ka sí Brussels ní 2022. Owó ìjọba rẹpẹtẹ, wọ́n wá ń fi í kọ́ ayé pé kí ìjọba Brussels má dá sí ọ̀rọ̀ èèyàn, ẹ ò rí i pé ayé yìí dùn.

Nígbà míì sì rèé, àwọn tó kórìíra wọn ló ń bá wọn polówó ọjà. Ní oṣù Kẹrin 2024, àwọn MCC yìí wà lára àwọn tó ṣètò NatCon, àpérò àwọn apá ọ̀tún, ní Brussels, Farage wà lórí pèpéle tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ni olórí àdúgbò Saint-Josse bá rán ọlọ́pàá wá pé kí wọ́n tì í pa. Kóòtù gíga fagi lé àṣẹ yẹn mọ́jú ọjọ́ kejì, olórí ìjọba Belgium fúnra ẹ̀ ní ohun tí wọ́n ṣe ò dáa. Àpérò tí mélòó kan ì bá gbọ́ nípa ẹ̀, gbogbo ayé gbọ́.

Àwọn think tank yìí tún ní ẹjọ́ kan tó yẹ ká gbọ́. Wọ́n ní kí ló dé tẹ́ ẹ ń bi àwa nìkan léèrè owó? EU fúnra ẹ̀ ń gba inú ètò LIFE fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká ní bíi €15 mílíọ̀nù lọ́dún, àwọn ẹgbẹ́ yẹn ń fi lára ẹ̀ ṣe lọ́bì sí EU kan náà, Soros, olówó Amẹ́ríkà yẹn, ń fún tiẹ̀ lówó káàkiri. Òtítọ́ ni, ọ̀rọ̀ LIFE yẹn dá wàhálà sílẹ̀ gan-an nílé aṣòfin ní 2025. Ìyàtọ̀ tí mo rí níbẹ̀ ni pé iye owó LIFE wà lákọsílẹ̀, èèyàn lè wá a, kó rí orúkọ ẹgbẹ́ àti iye tó gbà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè bá wọn jà. Ta ló fẹ́ bá "Anonymous Donor" jà? Brussels ní ìwé tí àwọn oníṣẹ́ lọ́bì ń forúkọ sílẹ̀ sí, èyí tó wà níbẹ̀ ju 12,000 lọ, tó o bá sì fẹ́ bá kọmíṣọ́nà ṣèpàdé o gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀. Àmọ́ owó tó ti gba Amẹ́ríkà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ mú un lápò lè má fara hàn níbẹ̀ láé.

Ẹni tó wà ní Ọ̀ṣun tàbí Oǹdó lè ní kí ló kan òun. Kòkó ni. EU ṣòfin lọ́dún 2023 pé kòkó, kọfí, gẹdú, rọ́bà àti àwọn nǹkan míì kò ní wọ ọ̀dọ̀ àwọn mọ́ tó bá wá láti ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó ẹ̀ lẹ́yìn ìparí 2020, oníṣòwò sì gbọ́dọ̀ fi oko hàn lórí máàpù. Àwọn tó dá oko sínú igbó ọba Olúwá àti Ọ̀mọ̀ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún wọn. Òfin yẹn yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2024, wọ́n sún un di ìparí 2025, wọ́n tún sún un di ìparí 2026. Ìjọba Brazil, Indonesia àti Amẹ́ríkà bẹ̀bẹ̀, àwọn onígẹdú bẹ̀bẹ̀, ẹgbẹ́ EPP tó pọ̀ jù nílé aṣòfin yẹn ti í lẹ́yìn, EPP yìí kan náà ló bá apá ọ̀tún paraku dìbò pọ̀ ní oṣù Kọkànlá 2025 láti sọ òfin tí EU fi ń mú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lórí àyíká àti ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn di ẹlẹ́gẹ́. Àgbẹ̀ kòkó tí ò tíì rówó ya máàpù lè dúpẹ́ pé wọ́n sún ọjọ́ yẹn síwájú, mi ò bá a jiyàn. Ẹni tó ti náwó, tó ti wọn oko, tó ti forúkọ sílẹ̀ nítorí òfin yẹn, òun náà wà níbẹ̀ tó ń wòye.

Ní ti UK, ọmọ wa kan wà nídìí ẹ̀. Kemi Badenoch, Olúkẹ́mi Adégòkè tó dàgbà ní Èkó, di olórí ẹgbẹ́ Conservative ní oṣù Kọkànlá 2024, oṣù kan ṣáájú kí Heartland tó dé. Lóṣù Kẹta 2025 ó ní kò ṣeé ṣe kí UK dé net zero, ìyẹn kí èéfín tó ń mú ayé gbóná tí wọ́n ń tú síta má ju èyí tí wọ́n ń fà padà lọ, ní 2050 láìba ọrọ̀ ajé jẹ́, nígbà tó di oṣù Kẹwàá ó ní tí òun bá wọlé, òun máa fagi lé òfin ojú ọjọ́ tí wọ́n ṣe ní 2008 pátápátá. Theresa May, olórí ìjọba tẹ́lẹ̀ tó kọ 2050 yẹn sínú òfin nígbà tó wà nípò, ní àṣìṣe tó burú jáì ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò lórí òfin yẹn ní 2008, àwọn tó tako ò pé mẹ́wàá nínú gbogbo ilé ìgbìmọ̀, Peter Lilley wà lára wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Nigel Lawson, mínísítà owó Thatcher tẹ́lẹ̀, dá think tank tiẹ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ó kọ̀ láti dárúkọ àwọn tó ń fún un lówó.